Àga Tó Ṣì Ń Gbóná

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gbẹ́rù. Àga yẹn ò ní í ṣe yín ní nǹkan kan. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀ báyìí, tó ṣì ń gbóná, ẹ jókòó lé e. Ẹ ó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbí.

Mo gbọ́ pé ilé ìwé àwọn ọmọ yín náà ti fi ìwé ránṣẹ́, pé kí bàbá tàbí ìyá fọwọ́ sí i, kí nọ́ọ̀sì lè wá máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ara wọn: nípa nǹkan oṣù, nípa bí oyún ṣe ń dúró, àwọn àrùn tí èèyàn ń kó lára ẹlòmíràn, àti ohun tí ọmọ máa ṣe bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ara ẹ̀ ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ wá bi mí pé ṣé ilé ìwé ló yẹ kó kọ́ wọn ni àbí ilé. Torí pé mo ti pẹ́ láyé lẹ ṣe wá. Pípẹ́ láyé kì í sọ èèyàn di ọlọ́gbọ́n o. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé àṣìṣe èèyàn á pọ̀ débi tí àwọn ẹlòmíràn á fi rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè yín yìí, wọ́n ti bi mí ní irú ẹ̀ nínú ilé yìí ní táàmù tó kọjá. Mo máa sọ bó ṣe lọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá mú èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ níbẹ̀.

Ẹ mọ Bàbá Ṣadé, ọmọ mi ọkùnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òdógbolú, kì í fọwọ́ sí ìwé láìkà á dé ìdí. Ó ka ti ilé ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó ní, “Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìyá àti ọmọ, kí ni ti tíṣà níbẹ̀? Wọ́n á kàn la ọmọ lójú kí àkókò tó tó ni.” Ìyàwó ẹ̀ ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọkọ ní, “Ta ló ní ká má kọ́ ọ? Ẹ kọ́ ọ nílé.” Ìyàwó wá bi í pé, “Èwo nínú wa ni yóò kọ́ ọ, Bàbá Ṣadé?” Nígbà tí wọn ò rí ibi tí wọ́n máa gbé e gbà, wọ́n mú ìwé náà wá bá mi. Bàbá Ṣadé gbà pé ẹ̀yìn òun ni mo máa wà, torí pé àgbà ni mí. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n dá ìwé náà padà. Mo fi í sábẹ́ ife omi mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Ṣadé. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìwé yìí ló rí nǹkan oṣù ẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá ẹ̀ fún un ní páàdì, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, ó wá mú un tọ̀ mí wá pé, “Màmá, ẹ bá mi bá a sọ èyí tó kù.” Mo bá a sọ ọ́. Kò pẹ́ ju kéèyàn bó ọsàn kan lọ. Mo ní ó parí, mo ti ṣe tèmi.

Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń hùwà kan tí mo rí, tí mi ò kà sí nǹkan. Kó tó jókòó, á kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé orí àga, á fi síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Mo ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìmọ́tótó o. Mo tilẹ̀ yìn ín lójú àlejò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé ìwé, kò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ́, eruku á dé orúnkún. Ó ní eré ìdárayá lòun ń ṣe. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tí ìwé yìí dé, ó ti di pé ó kàn ń fi ìka tọ́ ẹ̀bà wò, á ní òun ti yó. Ìyá ẹ̀ fún un lóògùn aràn. Bàbá ẹ̀ ní ìdánwò ló ń rò. Èmi ní ọmọ tó ń dàgbà ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni wọ́n ti bí mi. Ohun tó ń jí wa láàárọ̀ kì í ṣe àkùkọ, ìró ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rin ni. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, tí wọ́n kàn mọ́ pákó, ni a fi ń rin ín nígbà yẹn, fàrà, fàrà, fàrà, láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá ń tòògbé nídìí ẹ̀, páànù á jẹ ẹ́ níka. Ẹ wo ìka mi yìí. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti rin, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta àti igi lé e lórí, omi á máa ro tó, tó, tó, fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, títí á fi kan. Kíkan yẹn ni gàrí Ìjẹ̀bú. Lónìí, ẹ́ńjìnnì á rin ín láàárọ̀, wọ́n á ti yan án kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ó rà á, ẹ ó ní gàrí Ìjẹ̀bú lẹ ń mu. Ẹ máa mu ún. Èmi ò bá yín jà.

Ìyá ìyá mi ló ni àtíbàbà tí a ti ń yan gàrí. Yèyé la ń pè é. Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ló ń sọ, ṣùgbọ́n mo máa fi Yorùbá tó yé yín sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò gbọ́ Ìjẹ̀bú mọ́ ló pọ̀ níbí yìí, ojú ń tì mí láti tọ́ka sí wọn. Yèyé á jókòó nídìí agbada ńlá, èéfọ́ igbá lọ́wọ́ ẹ̀, èéfín lójú ẹ̀, á máa ro gàrí, á máa wo gbogbo wa láìyíjú. Èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ la máa ń bó ẹ̀gẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Mọ́rẹ́nikẹ́, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Ó mọ ìṣirò ju gbogbo ọmọkùnrin kíláàsì ẹ̀ lọ. Tí a bá ń wọn gàrí fún oníbàárà, kí Yèyé tó ṣírò ẹ̀ tán lẹ́nu, Mọ́rẹ́nikẹ́ á ti sọ iye tó jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn ò kọ́ wa ní nǹkan kan nílé láyé àtijọ́. Wọ́n kọ́ wa. Yèyé kì í bi ọmọbìnrin pé ṣé o ti ń ṣe nǹkan oṣù. Á kàn rí i pé ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn aṣọ ara ẹ̀ kó tó dìde. Á ní, “Wá bá mi ṣa igi ìdáná.” Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa lọ, kò sì sí igi tí wọ́n máa ṣà bọ̀. Àkísà ni á gbé fún un, ìró àtijọ́ tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà máa ń yé wa, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń ká a, bí a ṣe ń fi omi tútù àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn ìyá mìíràn máa ń ní kí ọmọ sá a sábẹ́ ibùsùn kí ẹnikẹ́ni má rí i, aṣọ á máa bu, ara ọmọ á máa yún un. Yèyé kọ ìyẹn. Ó ní oòrùn kì í tijú. Orí okùn la máa ń sá a sí, a ó wá ta ìró kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bí ẹ bá kọjá nílé wa lọ́sàn-án gangan, tí ẹ rí ìró tó ti gbẹ tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó ká a, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ rere ni. Mo fi kọ́ àwọn èèyàn títí tí páàdì fi dé. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà parí sí ni wàhálà wà.

Ẹ mọ̀ pé bí Agẹmọ bá ń kọjá, obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí i. Lónìí, ẹ ó kàn ti gẹ́ètì, ẹ ó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tiwa, a máa ń ti fèrèsé onípákó pa, a ó fi àkísà di ihò tó bá wà lára ẹ̀. Obìnrin mẹ́wàá, méjìlá, nínú yàrá kan, ìyá, ọmọ, ìyàwó tuntun, pẹ̀lú òórùn àgbàdo sísun àti ti òógùn. Níta, a ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń kìlọ̀ pé kí obìnrin wọlé. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ á dé, irú èyí tí adìyẹ pàápàá kì í ké níbẹ̀. A ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ. Ìyàwó tuntun kan sín nígbà kan, ìyá ọkọ ẹ̀ fi ìró bo gbogbo orí ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú sábẹ́ ẹ̀.

Nínú yàrá yẹn ni Yèyé ti máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù ní èyí tó kù. Kò sí ọkùnrin nítòsí, kò sì sẹ́ni tó lè sá jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ilé ìwé náà ń wọlé, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Yèyé á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, “Àga tí ọkùnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀, tó ṣì ń gbóná, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó lé e. Ooru yẹn ló ń di oyún.” Ó tán.

Mọ́rẹ́nikẹ́, tí ìṣirò ti bà jẹ́, bi í pé, “Yèyé, bó bá jẹ́ orí ẹní ló ti dìde ńkọ́?”

“Ẹní, àga, àpótí, ọ̀kan náà ni.”

“Bó bá jẹ́ bàbá mi ló dìde ńkọ́?”

Yèyé gbá a lórí.

Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà. Yèyé kì í ṣe òpè. Bẹ́ǹṣì kan wà nínú àtíbàbà tí àwọn ọkùnrin tó wá ra gàrí máa ń jókòó lé, wọ́n á máa ṣàwàdà, wọ́n á máa wojú ọmọ. Ọmọbìnrin tó bá ń bẹ̀rù bẹ́ǹṣì kò ní jókòó ti ọkùnrin. Irọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa tó wà ní àtíbàbà yẹn, a kì í jókòó síbikíbi láìjẹ́ pé a ti fi àtẹ́lẹ́wọ́ wò ó bóyá ó ti tutù.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́jọ́ tí mo gbé gàrí wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ìjẹ̀bú-Òde. Bọ̀lẹ́kájà ni, pákó ni gbogbo ìjókòó ẹ̀, ọkọ̀ náà sì kún. Mo wà lórí ìdúró. Lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ bá tì mí sí àyè ẹ̀. Pákó náà ń gbóná. Mo dìde. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, “Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ yìí, o ń dí èèyàn lójú!” ó tún tì mí padà. Báyìí ni mo ṣe jókòó lórí oyún títí tí a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Mi ò mọ bí mo ṣe ta gàrí ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀já di ikùn mi lábẹ́ aṣọ kó má baà yọ. Mo dín oúnjẹ kù kí ọmọ náà má baà rí nǹkan jẹ. Ohun tó dà mí láàmú jù ni pé mi ò mọ orúkọ bàbá ọmọ. Tí wọ́n bá bi mí, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó dé fìlà, ó gbé adìyẹ lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín in, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn débi tí mo fi wo kànga ilé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo kà kí nǹkan oṣù mi tó dé. Mo sunkún ayọ̀, mo sáré lọ sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí àpò ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa, ó ń rò ó bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Ó ní, “Irọ́ ni Yèyé ń pa fún wa nígbà náà.” Ó tún ní, “Tí èyí bá jẹ́ irọ́, gbogbo ẹ̀ nirọ́.” Inú mi ń dùn, mi ò ráyè ronú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àga tí Mọ́rẹ́nikẹ́ kì í jókòó lé. Ó tilẹ̀ máa ń dúró kí ọkùnrin dìde kó tó lọ síbẹ̀, á máa ṣẹ́jú sí mi.

Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ìbẹ̀fún, aláwàdà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni oyún ti ń wá. Ta ni ì bá sọ fún un? Nígbà tí nǹkan oṣù ẹ̀ dáwọ́ dúró, inú ẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run ti yọ òun nínú àkísà fífọ̀. Ó kó gbogbo àkísà ẹ̀ fún mi, ó ní, “Gbà, máa lò ó, tèmi ti tán.” Mo gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí pé mo dúpẹ́, ó máa ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ láti gbé àpò ẹ̀gẹ́, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú bí aboyún. Yèyé wò ó láti ibi tó jókòó sí. Ó wò ó títí, kò ro gàrí mọ́, gàrí náà jóná mọ́ agbada. Mi ò rí kí gàrí Yèyé jóná rí.

Wọ́n mú un kúrò nílé ìwé, ìdánwò àṣejáde kù díẹ̀. Wọ́n mú un lọ bá àwọn òbí télọ̀ ní Ìbẹ̀fún. Ọjọ́ méjì ló fi rọbí. Ọmọ náà kò yè. Mọ́rẹ́nikẹ́ yè, ṣùgbọ́n kò lóyún mọ́ títí ó fi darúgbó. Ó ṣòwò aṣọ, ó là, ó sì kọ́lé. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà tí àwọn ọmọ àbúrò ẹ̀ bá kọ sí i fún un nígbà tí ojú ń dùn ún, gbogbo wọn ló ń pè é ní ìyá.

Ó wá kí Yèyé nígbà tí Yèyé ò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Èmi ló ń wẹ̀ fún Yèyé nígbà yẹn, mo wà níbẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó sétí ibùsùn, kò bínú, ó kàn béèrè ni. “Yèyé, kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún wa?”

Yèyé ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ni ìyá mi sọ fún mi.”

“Nígbà tí ẹ wá mọ̀ ńkọ́?”

“Nígbà tí mo mọ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́.”

Mọ́rẹ́nikẹ́ di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Ní báyìí, àwọn ọmọ tiyín ní fóònù. Ohun tí àwa ò rí títí a fi lọ́kọ, wọ́n ń rí i kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Ẹ wá rò pé wọ́n ti mọ̀. Rírí kọ́ ni mímọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n tó ń sọ pé èyí òótọ́ ni, èyí irọ́ ni, èyí á ṣe ọ́ ní jàǹbá. Ẹ má sì rò pé gbogbo ilé ìwé ló ń sọ ọ́. Mo gbọ́ nípa tíṣà kan tó jẹ́ pé tó bá ti dé ojú ewé tí ọ̀rọ̀ yìí wà, á ní kí àwọn ọmọ ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn o. Ìtìjú ò mọ sátífíkéètì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n máa dá ìwé padà lọ́jọ́ kejì. Bàbá Ṣadé kírun alásárì tán, ó wọlé, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó ẹ̀ jókòó sí tòsí mi. Ṣadé wà lórí ẹní nílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá ẹ̀ ní, “Ṣadé, máa lọ sí yàrá.” Mo ní kó fi í sílẹ̀, yàrá ṣókùnkùn, ẹ̀wà ò ṣe é ṣà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín yìí ni mo sọ fún wọn, láti orí páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ dé etí ibùsùn Yèyé.

Ọmọ mi ò gbà. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà rí i pé ilé ló yẹ kó ti sọ òótọ́. Ilé ló ṣàṣìṣe, ilé náà ló yẹ kó tún un ṣe. Kí ni ti ìwé nínú ọ̀rọ̀ yìí?” Ọ̀rọ̀ ẹ̀ nítumọ̀, mi ò lè purọ́.

Mo bi í pé, “Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ họ orí. “Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà.”

“Kí ni wọ́n kọ́ ọ?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èmi ìyá ẹ ńkọ́, kí ni mo kọ́ ọ?”

Ó yíjú sí fèrèsé. Èmi náà ò fẹ́ kó fèsì. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi pé mo ti borí nínú àríyànjiyàn, pé àgbà ni mí lóòótọ́. Ibẹ̀ ni Ṣadé ti pè mí láti ilẹ̀.

“Màmá àgbà, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún yẹn, ṣé láti ọjọ́ tí ẹ wọ ọkọ̀ lẹ ti kà á?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Tèmi ti di mọ́kànlélógún.”

Ìyá ẹ̀ ní, “Tìrẹ wo?”

Ṣadé ò gbójú sókè nínú ẹ̀wà. “Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́. Bọ̀dá kan sọ̀ kalẹ̀, àyè ò sí níbòmíràn. Ibẹ̀ ń gbóná.”

“Ta ló sọ irú ìyẹn fún ọ?” Bàbá ẹ̀ ló bi í, ó wo ìyàwó ẹ̀, ìyàwó wo ọkọ. Ọmọ náà ò wo èyíkéyìí nínú wọn. Èmi ló ń wò.

“Màmá àgbà, èwo wá ni òótọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀gbin láyé, kò sí èyí tó tó ìyẹn. Ojú tì mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wọ́ ọ. Èmi tí mo di ikùn lọ́jàá, tí mo gba àkísà Mọ́rẹ́nikẹ́, tí mo jókòó gbọ́ nígbà tó ń bi Yèyé léèrè, èmi náà ni wọ́n mú ọmọ wá bá, tí mo sọ̀rọ̀ àga fún un. Mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà ẹ̀.

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò wá. Ohun tí Yèyé sọ lórí ibùsùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Bàbá Ṣadé fẹ́ dìde jáde, mo ní kó jókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, mo tún padà sórí, ìyá ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kún un níbi tí tèmi bá ti tán. Mo sọ ibi tí oyún ti ń wá. Mo sọ àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo sọ pé ara ẹ̀, òun ló ni ín, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fipá bá a ṣe é, ì báà jẹ́ ẹbí, kó kígbe, kó wá sọ fún wa, a ò ní nà án. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ àrùn, mo dúró. Mo ní, “Ibi tí ìmọ̀ tèmi mọ nìyí. Èyí tó kù, mi ò mọ̀ ọ́n, n ò sì ní purọ́ fún ọ mọ́. Nọ́ọ̀sì ló máa sọ ọ́.”

Ṣadé ní, “Ṣé ooru àga kì í ṣe nǹkan kan, lóòótọ́?”

“Kì í ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Máà bínú sí mi.”

Bàbá ẹ̀ nawọ́ fa ìwé náà yọ lábẹ́ ife mi. Omi ti ya òbìrìkìtì sí i lórí. Kò kà á mọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ wá bírò.

Ṣadé gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ẹ̀wà kúrò láṣọ, ó dìde nílẹ̀, ó lọ sí ìdí fèrèsé. Ó jókòó sórí àga tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Kò fọwọ́ wò ó. Ó fẹ̀yìn tì, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀bà ọ̀sán ṣì kù?”